Ọmọ Àjàṣẹ́ Lóde Eré Èkó

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ti ń ri òpó kánópì mọ́lẹ̀ ní ojúlé kẹta sí tiwa. Mo jókòó sídìí fèrèsé ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, mò ń máàkì ìwé ìdánwò Faransé àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n etí mi ti wà níta. Mo mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ. Tó bá di ọ̀sán, àwọn ìyá alásè á gbé ìkòkò ìrẹsì karí iná igi. Jẹnẹrétọ̀ á dún. Ọmọkùnrin kan á máa pe "hàló, hàló, wáàn, tú" sínú maìkì títí ohùn náà yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibi gbogbo á wá pa lọ́lọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gángan kan á sì là á. Bí gángan yẹn bá ti lè sọ̀rọ̀, ìwé ìdánwò ti di ọjọ́ Àìkú nìyẹn.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, olú ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Nàgó ni wọ́n ń pe àwa tí a ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni mo kó wá sí Èkó láti wá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Faransé. Ọ̀nà náà kò jìn, nǹkan bí 100 kìlómítà ni. Aago kan náà là ń lò. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wa lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ kó tó di pé wọ́n béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mò ń di ẹrù mi, mi ò ka ara mi sí ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀. Èdè ìyá mi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kí ló tún kù?

Ó kù púpọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ dánfó láti Ọyíngbò lọ sí Yábàá, kọ̀ńdọ́ sọ gbólóhùn gígùn kan sí mi, "ṣéńjì" nìkan ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo wà níwájú aláta kan lọ́jà Ọyíngbò, mo ní kó jẹ́ kí n fi "pọ́tábù" mi pe ẹnìkan kí n tó sanwó, nítorí ohun tí à ń pe fóònù nílé wa nìyẹn. Ìyá náà wo ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Àgànyìn ni." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà rárá. Àwọn obìnrin tó ti ọ̀dọ̀ wa àti ti Tógò wá ti fi ẹ̀wà àgànyìn bọ́ Èkó fún ọdún gbọọrọ, orúkọ oúnjẹ àti orúkọ èèyàn ti dọ̀kan. Ó tilẹ̀ fi ata ṣe èènì fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, Yorùbá ni mò ń sọ, ẹnu mi ló wá ń tú mi fó láàárín àwọn Yorùbá.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo gbà. Èmi ríran díẹ̀díẹ̀, mo mọ Ojúẹlẹ́gbà yàtọ̀ sí Ojódú, mo mọ ìgbà tí èèyàn gbọ́dọ̀ sọ pé "ó wà o" kó tó dé ibùdókọ̀. Ohun tí ẹnìkan ò sọ fún mi ni pé etí àlejò lè ti débẹ̀ ṣáájú ojú rẹ̀.

Bàbá mi ló rán etí mi ṣíwájú. Rédíò Èkó máa ń dé Àjàṣẹ́ kedere, ẹnubodè ò dá ohùn dúró. Ṣáájú kí n tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí Parakou nínú máàpù orílẹ̀-èdè wa, mo ti mọ ohùn Hàrúnà Ìṣọ̀lá, mo mọ gìtá Ebenezer Obey yàtọ̀ sí ti Sunny Adé. Bàbá mi tún fẹ́ràn ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti Kùtọnu, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968, ó sì máa ń fi ìyangàn sọ ọ́ pé Èkó làwọn náà máa ń wá láti wá gba orin sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI. Nílé wa, Èkó ni ibi tí orin ti ń wá. Síbẹ̀, gbogbo eré ojúkojú tí mo ti lọ wò kí n tó kó wá, nínú gbọ̀ngàn Kùtọnu ni. Wọ́n to àga, wọ́n paná, a dákẹ́, orin parí, a pàtẹ́wọ́.

Bí mo ṣe lọ sí Freedom Park nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, oṣù kejì tí mo dé. Broad Street ló wà, ní Erékùṣù. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀ rí. Lọ́dún 1882 ni ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà wà níbẹ̀ rí. Ayàwòrán-ilé Theo Lawson ló yí i padà sí ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ ni wọ́n kọ́ ìtàgé ńlá sí. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo jókòó. Ẹnìkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sọ ọ́ fún mi láàárín orin méjì, bí ẹni ń sọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ olórin hàìláìfù kan ló ń ṣeré, àwọn bàbá tí irun wọn ti funfun, tùm̀pẹ́ẹ̀tì méjì, gìtá mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn jó láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé dé ẹ̀gbẹ́ kejì láìgbé ẹsẹ̀ sókè rárá. Mo wo ilẹ̀ tó ń jó lé lórí, omijé bọ́ lójú mi. Mo ṣì rò pé kò sí ohun tó dára tó kí á gbé ayọ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí á máa gbé e síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sí Kùtọnu ni mo jókòó níbẹ̀. Apá mi wà lórí itan. Gbogbo èèyàn tó yí mi ká ń bá olórin sọ̀rọ̀: wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń kìlọ̀ fún un, wọ́n ń gbé ègbè. Èmi nìkan ló ń wòran.

Ìyá onílé wa ló yọ mí kúrò lórí àga. Ìyá tó bí i ló kú, ó ti lé ní 90 ọdún, òkú àgbà tí wọ́n ń fi ijó sin. Ó kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, wá mú aṣọ ẹ. O ò ní jókòó sínú yàrá nígbà tí a bá ń sin ìyá wa." Ìyá wa, ló wí. Mo gba aṣọ ẹbí náà, léèsì aláwọ̀ osàn, mo sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí owó oṣù mi ò tíì wọlé tán.

Wọ́n dí òpópónà wa láti igun dé igun. Ẹgbẹ́ olórin jùjú ni wọ́n pè, èèyàn 14 ni mo kà. Ọ̀gá wọn gbé gìtá kọ́rùn, ẹlẹ́gbè mẹ́rin wọ aṣọ kan náà, àkúbà wà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, ìlù òyìnbó wà, gángan méjì sì dúró níwájú bí ẹ̀ṣọ́. Orin ìsìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Mo ń retí kí orin parí kí n lè pàtẹ́wọ́. Kò parí. Orin kan ń bímọ sínú òmíràn, láti aago mẹ́rin títí di ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun a jẹun, ẹni tó bá fẹ́ jà a jà kó tún padà wá jó, orin ń lọ.

Ọkùnrin kan ń rìn láti tábìlì dé tábìlì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Mo rò pé owó ló ń gbà. Orúkọ ló ń gbà. Ó ń béèrè orúkọ, orúkọ ọmọ, ìlú, iṣẹ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń padà lọ sọ ọ́ sí olórin létí. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, olórin tí kò rí ẹ rí láyé ti fi orúkọ ọmọ ẹ sínú orin, ó sì bá ohùn orin mu bí ẹni pé ọdún tó kọjá ni wọ́n ti kọ ọ́. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni. Àwọn kan máa ń bẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní owó ni wọ́n ń fi orúkọ pa. Lóòótọ́, owó wà níbẹ̀. Àwọn olórin yẹn lọ́mọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta ní ìlú tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ bóyá owó nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn onígángan dé ọ̀dọ̀ mi. Àgbàlagbà ni, a máa ń pè é ní Bàbá Àyàn, nítorí ìdílé onílù ló ti wá.

"Àǹtí, ẹ ò jó?"

"Mò ń wò yín ni, bàbá."

"Wọn kì í wo ìlù, mà. Ọmọ ibo ni yín?"

"Àjàṣẹ́."

"Àjàṣẹ́ Ìpo?"

"Rárá o. Àjàṣẹ́ ti òkè ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Bàdágìrì."

"Hẹn-ẹ́n. Oríkì yín ńkọ́?"

Orúkọ ẹni mímọ́ kan ti ilẹ̀ Faransé ló wà nínú ìwé ìrìnnà mi. Ìyá mi àgbà nìkan ló máa ń fi oríkì pè mí, ó sì ti kú. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́." Ó fún okùn awọ gángan mọ́ abẹ́ apá, ó fi kọ̀ǹgọ́ kàn án: dò, dò, mí. Ó tún kàn án: dò, dò, mí. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

Ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yẹn rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Gángan kò lè pe "b," kò lè pe "kẹ́." Kò mọ "pọ́tábù" yàtọ̀ sí "fóònù." Gbogbo ohun tó ń tú mi fó lẹ́nu mi ni ìlù ń bọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀, ohùn nìkan ló ń kù: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ohùn yẹn sì ni mo mú láti Àjàṣẹ́ wá láìfọ́ láìya. Kọ̀ńdọ́ Ọyíngbò sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Ìlù sọ̀rọ̀, mo gbọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe gbọ́ ọ.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe dìde ni obìnrin kan dìde ní tábìlì kejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń jó bọ̀. Àdùkẹ́ ni oríkì tirẹ̀. Dò, dò, mí lòun náà. Kò sẹ́ni tó jí ìlù ẹnìkejì gbé nínú àwa méjèèjì, bí ìlù ṣe rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àyàn kì í fi í dúró lórí orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n á fi oríkì ilé lé e, kí ẹni tí wọ́n ń pè lè dá ara rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní oríkì ilé kankan láti fún Bàbá Àyàn lọ́jọ́ náà. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, èmi àti Àdùkẹ́ pín dò, dò, mí kan náà, a jó o pọ̀. Aṣọ ló ń tà ní Balógun. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ọ̀rẹ́ mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà l'Ékòó láìbínú, òun ló mọ dókítà tó yẹ kí n rí nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó níná, kí n fi ẹnu bà á. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóde àríyá lè fi oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, jura lẹ́wọ̀n, tàbí kó san 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí kó gba méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn ò ka òfin náà sí, ṣùgbọ́n ní 2024 wọ́n fi í mú èèyàn, ojú gbogbo wa là. Àlejò ni mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi mí léèrè ìwé. Inú àpòòwé ni èmi ń fi tèmi sí. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe tíransífà, olórin a sì ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. Nǹkan kan sọnù níbẹ̀ o. Ẹni tó ń náwó tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jó débẹ̀, kó fi owó kan iwájú orí olórin, kí ojú wọn méjèèjì pàdé.

Oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i padà. Láàárín rẹ̀ ni àrùn Kòrónà dé. Ó lé ní ọdún kan tí mi ò fojú kan ìyá mi, tí ọ̀nà ilé wa ò ju ìrìn àárọ̀ kan lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìdálẹ̀ ni mo wà.

Alẹ́ 30 oṣù Kẹta 2020 ni ìgbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí kánópì. Kò sí hàló hàló. Mo gbọ́ aago ara ògiri mi, èyí tí mi ò gbọ́ rí láti ọdún kan ó lé. Opin oṣù Kẹrin, ìròyìn dé pé Tony Allen kú sí Paris, onílù Fẹlá, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1940 tó kó lọ sí ilẹ̀ Faransé tó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Èmi tó ti ilẹ̀ tó ń sọ Faransé wá sí Èkó nítorí iṣẹ́, mo sunkún ọkùnrin tó gba ọ̀nà náà lọ ní òdìkejì. Mo ń ronú bóyá ẹnìkan máa ń lu gángan nísàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí ẹnìkan wá sísàlẹ̀ tèmi. Ọ̀sẹ̀ kẹta ìgbélé, Bàbá Àyàn dé òpópónà wa. Ó fi aṣọ bo imú. Kò sí òde kankan tí wọ́n ń pè é sí, kò sì sí owó mìíràn tó ń wọlé fún un. Ó dúró láàárín títì tó ṣófo, ó ń kí ojúlé kọ̀ọ̀kan, ó mọ ti gbogbo wa. Àwọn èèyàn bọ́ sí bálíkónì. A so okùn mọ́ garawa, a fi gààrí, owó, agolo màkẹ́rẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó dé abẹ́ fèrèsé mi: dò, dò, mí. Mo jó nínú yàrá, èmi nìkan, mo fi ọwọ́ di irin fèrèsé mú.

Nígbà tí ìlú tún ṣí, ebi eré ń pa mí, mo sì lọ síbi gbogbo. Mo ti jókòó ní MUSON ní Oníkàn gbọ́ dùrù, níbi tí wọ́n ti ń dákẹ́ bíi ti Kùtọnu, mo gbádùn ìyẹn náà. Shrine ni mo ń lọ jù. Fẹ́mi àti Yẹni, àwọn ọmọ Fẹlá, ló ṣí Shrine tuntun ní Ìkẹjà lọ́dún 2000, lẹ́yìn tí bàbá wọn ti kú ní 1997. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni mò ń wọ̀ débẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láàárín Ọyíngbò àti Agbádo, mo kàn ń fi káàdì Cowry wọlé, mo sọ̀ ní Ìkẹjà. Ìgbà tí mò ń padà bọ̀ lóru ni ìṣòro, ọkọ̀ ojú irin ti sùn nígbà náà.

Bí Fẹ́mi bá wà nílé lọ́jọ́ Àìkú tó sì ń ṣeré, ẹ lọ. Ẹ má dúró de oṣù Kẹwàá tí ayẹyẹ Felabration máa ń kún fọ́fọ́. Ẹ lọ ní ọjọ́ Àìkú lásán, nígbà tí àga ṣì wà. Wọ́n á fún yín láyè kí ẹ rí bí ó ṣe ń fọn sáksófóònù láìdá èémí dúró, tí ohùn kan ṣoṣo á máa lọ, á máa lọ, títí ara yín ò fi ní gbà á mọ́. Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Macron, wá síbẹ̀ ní oṣù Keje 2018. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbà á gbọ́ títí n ó fi fi fọ́tò hàn wọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ kọ́ Faransé dáadáa, ó lè ṣe yín láǹfààní ní Shrine.

Eré kan wà tí mi ò ní lọ mọ́. December kan, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì olórin ńlá kan ní Victoria Island, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù mi. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n kọ sí i. Aago mẹ́ta òru ló dé. Kò sí onílù, kò sí onígìtá. Orin tó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kọ lé lórí, ó fi maìkì sọ́dọ̀ wa pé ká bá òun kọ ọ́, ó sì lọ. Mo rìn jáde pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Àwọn tó ti òkè òkun wá síbi ọdún ń rò pé orin Èkó nìyẹn. Mo fẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́ wá sí Ẹ̀bùté Mẹ́tta.

Tàbí sí Pópó Àgùdà. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tẹ̀ dó sí àyíká Campos àti Bámgbóṣé, àwọn mìíràn nínú wọn sì tẹ̀ dó sí Àjàṣẹ́. Da Silva wà l'Ékòó, Da Silva wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Mọ́ṣáláṣí ńlá tiwa ní Àjàṣẹ́ náà dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Brazil tí ẹ bá wo iwájú rẹ̀. Mo ti mọ gbogbo èyí nínú ìwé. Àjíǹde kan, mo dúró ní Campos nígbà tí kàrẹ́tà, ọ̀wọ́ ọlọ́dún àwọn Àgùdà, ń kọjá, mo rí ìlù onígun mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, awọ tí wọ́n kàn mọ́ férémù pákó. Sáńbà! Ìlù tí wọ́n fi ń ṣe buriyan, eré ọdún àwọn Àgùdà, ní àdúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo pe ìyá mi, mo na fóònù sí ìlù náà. Ìyá mi gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ta ló gbé buriyan dé Èkó?"

Mo sọ fún un pé ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ìlù sáńbà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe orin àṣìkò l'Ékòó kí Túndé King ti Olówógbowó tó sọ jùjú di ohun tí wọ́n ń fi sáwo ní àwọn ọdún 1930. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi ń yí rédíò sí Èkó, lára ohun tó ń wá ti wà ní òpópónà wa tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ó wà láyé kí n sọ ọ́ fún un.

Ọdún tó kọjá ni ìyá mi wá kí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nítorí gbogbo ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní àwọn bàbá òun kò wọ ọkọ̀ wá sí Èkó rí. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wà, láti ọ̀sà Àjàṣẹ́ gba Bàdágìrì wá, títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Sátidé ni. Wọ́n ń ṣe ìkómọ níwájú ilé wa. Bàbá Àyàn ti gòkè wá kí wọn kí n tó pè é.

Ó lù mí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń lù mí. Ìyá mi gbé orí sókè. "Ṣé ibi tí ó mọ nìyẹn?"

Bàbá Àyàn dá ìlù dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi kún un fún wa."

Ìyá mi dìde dúró lórí ẹsẹ̀ tó wú. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afọ̀sà ṣọ̀nà." Ó wí i lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ohùn tí ìyá mi àgbà fi ń wí i tí ó bá ń jí mi lọ sílé ìwé. Bàbá Àyàn fi orí tẹ̀ sílẹ̀, ó ń fetí sí i, ó rọra fi kọ̀ǹgọ́ wá a kiri lórí awọ títí ó fi bá a: re mẹ́ta, dò mẹ́rin. Ó ní kí ìyá mi má bínú pé òun ti ń pè mí ní ìdajì láti ọjọ́ yìí.

Gángan ti ń sọ̀rọ̀ ní ojúlé kẹta báyìí. Mo pa ìwé ìdánwò dé, mo wé gèlè, mo bọ́ sísàlẹ̀. Àdùkẹ́ ti dé láti Balógun, ó ti mú àga sílẹ̀ dè mí. A jẹ ìrẹsì, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Bàbá Àyàn rí wa láti òkèèrè, ó fún okùn awọ gángan mọ́ abẹ́ apá: dò, dò, mí. Àwa méjèèjì gbé ìdí kúrò lórí àga. Ó dúró díẹ̀. Ó wá fi èyí tó kù lé e: re, re, re, dò, dò, dò, dò.

Àdùkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó jókòó padà. Èmi ni mo dìde.